Níbi Tí Ojú Ọ̀run Ti Ń Há

Òjìji méjì ni mo rí lórí koríko, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo rò pé mo wà lókè.

Ọ̀sán ni, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, oòrùn wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Bàálù kékeré oníjókòó méjì tí wọ́n fi ń kọ́ni ni mo ń wà, irú èyí tí apá rẹ̀ bo orí awakọ̀ bí òrùlé. Mo ti wà ní final, ìyẹn ẹsẹ̀ ìkẹyìn tí bàálù ti ń dojú kọ rọ́nwéè gbọnrangandan kó tó balẹ̀. Gíga mi kò ju nǹkan bí 400 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Mo bojú wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì kí n lè mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń tì mí kúrò lójú ọ̀nà, mo sì rí òjìji bàálù mi tó ń sáré lórí koríko. Òjìji kejì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tóbi ju tèmi lọ, ó ń lé e bọ̀ bí àṣá ṣe ń lé òròmọdìẹ.

N kò gbọ́ ìró kankan ju ti ẹ́ńjìnnì mi lọ. N kò rí nǹkan kan nínú gíláàsì. Láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti ń kéde ara mi lórí rédíò, kò sẹ́ni tó fọhùn. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ọpọlọ mi tó mọ̀: mo tẹ bàálù sí ọ̀tún, mo ti agbára ẹ́ńjìnnì síwájú pátápátá. Kò pẹ́ rárá tí ikùn bàálù funfun kan fi kọjá lókè apá òsì mi. Mo rí táyà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rí ibi tí ọ́ìlì ti ṣàn láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sí ìdí, bí ìlà tí ọmọdé fi èédú fà sára ògiri. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wa bàálù rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ra epo, ó sì pa iná rẹ̀.

Èmi tún pápá yẹn yí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹsẹ̀ mi tó dẹ́kun gbígbọ̀n tó fi lè tẹ bíréèkì.

Wọ́n máa ń ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Mo gbà fún ẹyẹ. Ẹyẹ kì í tò sórí ìlà kan ṣoṣo láti bà lé ẹ̀ka kan ṣoṣo. Àwa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù kí oníkálukú ti gbéra, gíga kan náà, ìlà kan náà, rọ́nwéè kan náà ni gbogbo wa ń bọ̀ wá bá. Bí èèyàn bá jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú, ojú ọ̀run fẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ló ń há, títí yóò fi dà bí ọrùn ìgò. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé inú kùrukùru tàbí òru dúdú ni bàálù ti ń kọlura. Rárá o. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ojúmọmọ ni, lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ dára, nítòsí pápákọ̀ tí kò ní ilé ìṣọ́ tí wọ́n ti ń darí bàálù. Final ló ti wọ́pọ̀ jù. Èyí tó ń sáré ló sì sábà máa ń ti ẹ̀yìn gun èyí tí kò sáré lórí. Ọjọ́ tó dára ló ń kó gbogbo wa jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo lọ bá awakọ̀ kejì níbi tó ti ń ra epo. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ funfun ju bàálù rẹ̀ lọ. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ti kí i. Mo ní, “Ẹ kú ìrìn sà. Ṣé ẹ rí mi lókè?” Ó wò mí. Ó ní, “Níbo, ọmọ mi?” Mo ní, “Abẹ́ yín ni mo wà sà, ní final.” Ó dákẹ́, ó padà sínú bàálù rẹ̀, ó tẹ orí wo rédíò. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ìkànnì pápákọ̀ tó ti gbéra ló ṣì wà lórí rédíò rẹ̀. Ó ti kéde ara rẹ̀ dáadáa láti máìlì mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àwọn ará ibòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ fún. Ó jókòó sórí apá bàálù rẹ̀, kò sì fọhùn mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo ròyìn fún olùkọ́ mi. Mo rò pé yóò bá mi bú bàbá náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí pé, “Kó o tó yà láti base sí final, kí lo rí?”

Mo ní, “Mo kéde lórí rédíò, sà.”

“N kò bi ọ́ léèrè ohun tó o sọ. Mo ní kí lo rí?”

Mo dákẹ́. Rọ́nwéè ni mo rí. Rọ́nwéè nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ará ibí. Ní pápákọ̀ tí kò ní ilé ìṣọ́, a máa ń yí rọ́nwéè ká bí ẹni ń yí oko wò kó tó wọ̀ ọ́. A ó máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn wa sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, èyí là ń pè ní downwind. A ó yà sí base, ìyẹn ẹsẹ̀ kúkúrú tó dábùú ọ̀nà rọ́nwéè, a ó tún yà sí final. Níbi púpọ̀, nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ilẹ̀ ni a ti ń yí i. Òsì la sábà máa ń yà sí, torí pé òsì ni awakọ̀ jókòó sí, á sì lè máa rí rọ́nwéè. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Bí mo bá wà ní base, rọ́nwéè ń fà mí lójú lọ́wọ́ òsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bọ̀ tààrà láti ọ̀nà jíjìn, ọwọ́ ọ̀tún mi ló máa wà. N kò yí orí sọ́tùn-ún. Ká ní mo yí i, ǹ bá ti rí bàálù funfun náà gbangba láàárín ojú ọ̀run tó mọ́.

Nígbà tí àwa méjèèjì ti wọ final, ó ti bọ́. Apá tèmi wà lókè orí mi, ó bo ohun tó wà lókè. Apá tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìjókòó rẹ̀, ó bo ohun tó wà nísàlẹ̀. Afọ́jú méjì lójú ọ̀nà kan, ọ̀kan kò lè wòkè, ọ̀kan kò lè wolẹ̀. Òjìji ló yọ mí, kò sì sẹ́ni tó lè fi òjìji ṣe ìlànà iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń fi ojú wo nǹkan. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Mo lójú méjì tó dá ṣáká, síbẹ̀ n kò mọ̀ ọ́n lò. Ojú tó bá ti wo àwọn aago inú bàálù pẹ́, tó sì gbé sókè lójijì, ó ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì kó tó lè rí ohun tó jìnnà dáadáa. Bí ojú ọ̀run bá wá ṣófo, tí kò sí ìkùukùu, tí kò sí òkè, ojú á kàn sinmi sí ibi tí kò jìnnà sí imú, bó tilẹ̀ dà bíi pé ọ̀nà jíjìn lò ń wò. Olùkọ́ mi ní kí n kọ́kọ́ wá ohun kan tó jìnnà, etí ìkùukùu tàbí orí igi lókèèrè, kí n gbé ojú lé e, kí n tó máa wá bàálù. Kí n má sì máa gbá ojú kiri bí ẹni ń gbálẹ̀, torí ojú tó ń sáré kì í rí nǹkan. Nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá ni kí n máa wò lẹ́ẹ̀kan, kí n dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan ó kéré tán, kí n tó sún síwájú.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé bàálù tó máa kọlù ọ́ kì í rìn. Bí ẹ bá rí èyí tó ń kọjá lójú gíláàsì, bóyá ó ń lọ sósì tàbí ó ń lọ sọ́tùn-ún, ẹ̀yin àti òun kò ní pàdé. Èyí tó bá dúró sójú kan gbagidi, tó kàn ń tóbi, òun ni kí ẹ bẹ̀rù. Ojú èèyàn sì rèé, ohun tó ń mì ló ń tètè rí. Yóò máa dúró síbẹ̀ bí ẹ̀gbin kékeré, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tóbi, títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kíún, yóò wá kún gíláàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ṣírò rẹ̀ fún ara mi. Bí bàálù méjì bá ń bọ̀ wá pàdé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá 120 nọ́ọ̀tì, ìyẹn máìlì ojú omi 120 ní wákàtí kan, máìlì ojú omi mẹ́rin ni wọ́n fi ń sún mọ́ra ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ku máìlì kan láàárín wọn, ìṣẹ́jú àáyá 15 ló kù. Ìwé tí FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ sì sọ pé láti ìgbà tí ojú bá ti rí nǹkan, tí ọpọlọ bá a gbọ́, tí ọwọ́ gbéra, títí bàálù fúnra rẹ̀ á fi yà, ìṣẹ́jú àáyá 12.5 ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 15, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù.

Nítorí náà ni mo ṣe ń nu gíláàsì kí n tó gbéra, àní bí mo bá ti pẹ́. Aṣọ rírọ̀ àti omi, láti òkè sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe ní róbótó, torí ibi tó bá ha róbótó a máa kó oòrùn sí èèyàn lójú. Kòkòrò tó kú sára gíláàsì àti bàálù tó wà ní máìlì méjì kò yàtọ̀ síra lójú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni kí n sún orí. Kòkòrò kò ní kúrò lójú ibi tó wà lára gíláàsì. Bàálù á fi ibẹ̀ sílẹ̀, á sì dúró ti òkè tàbí ìkùukùu tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Sísún orí yìí tún ṣe pàtàkì nítorí òpó fèrèsé. Òpó tó fẹ̀ bí ìka mẹ́ta lè bo odindi bàálù, bí ẹ bá sì gbé orí sójú kan, á máa bò ó lọ ni.

Ní ti rédíò, mo ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo tilẹ̀ ń sọ ọ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kù bíi máìlì mẹ́wàá ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, iná ìbalẹ̀ mi á sì ti tàn nígbà yẹn. Mo ń kọ́kọ́ tẹ́tí kí n tó la ẹnu. Orúkọ pápákọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni mo fi ń parí, torí ìkànnì kan ṣoṣo ni pápákọ̀ púpọ̀ ń pín lò, ẹni tó bá pàdánù orúkọ níbẹ̀rẹ̀ á gbọ́ ọ níparí. N kì í sọ pé mo wà lókè ilé alápatà. Àlejò kò mọ ilé alápatà. Mo ń sọ iye máìlì, ìhà tí mo wà, àti gíga mi. Àwọn kan máa ń wọlé pẹ̀lú “ẹni tó bá wà níbẹ̀ kó dáhùn o!” Ariwo lásán nìyẹn, ó kàn ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn fọhùn lórí ara wọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo gbà lọ́kàn mi pé ẹnì kan wà lókè tí kò gbọ́ mi. Ó lè wà lórí ìkànnì mìíràn bíi ti bàbá yẹn, tàbí kó má ní rédíò rárá. Àwọn bàálù àtijọ́ kan wà tí kò ní in, òfin kò sì dá wọn lẹ́bi níbẹ̀.

Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwa ọlọ́kọ̀ kékeré nìkan lèyí. Ní San Diego, ní 1978, ilé ìṣọ́ sọ fún àwọn awakọ̀ Boeing 727 kan pé bàálù kékeré wà níwájú wọn. Wọ́n ní àwọn rí i. Nígbà tó yá, ó pòórá lójú wọn, wọ́n gbà pé ó ti kọjá, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lé e lórí láti ẹ̀yìn. Èèyàn 144 ló kú, méje nínú wọn wà lórí ilẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, “wọ́n gbà pé ó ti kọjá” yẹn ló máa ń dùn mí jù. Bí mo bá rí bàálù kan, tí mo tún wá a tì, n kì í gbà pé ó ti lọ. Mo ń ka ara mi sí ẹni tí kò rí i rí.

Lẹ́yìn tí bàálù akérò kan àti ọ̀kan kékeré kọlura lókè Cerritos, nítòsí Los Angeles, ní 1986, tí èèyàn 82 sì kú, ni Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí bàálù akérò ńlá máa gbé TCAS, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀, tó sì ń pàṣẹ pé gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Ó ti gba ẹ̀mí là gan-an. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ti sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀, ẹ̀rọ náà kì í pàṣẹ mọ́, kó má baà ti èèyàn mọ́lẹ̀. Ọrùn ìgò gan-an nìyẹn. Ní Washington, ní January 29, 2025, bàálù akérò kan fẹ́ balẹ̀ lálẹ́, hẹlikọ́pítà ológun ń kọjá nísàlẹ̀. Àwọn tó wà nínú hẹlikọ́pítà sọ fún ilé ìṣọ́ pé àwọn rí bàálù, TCAS bàálù sì kìlọ̀, àmọ́ kò pàṣẹ kankan torí ilẹ̀ ti sún mọ́. Èèyàn 67 ló wà nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó yè.

Ti Watsonville, ní California, ní 2022 ló jọ tèmi jù. Kò sí ilé ìṣọ́ níbẹ̀. Bàálù kékeré kan ń yí pápá, ọ̀kan ẹlẹ́ńjìnnì méjì ń bọ̀ tààrà, ó ń sáré kọjá bó ṣe yẹ ní final. Àwọn méjèèjì wà lórí ìkànnì kan náà, wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Èyí tó kéré tilẹ̀ sọ pé òun á tún pápá yí torí bí èkejì ṣe ń sáré bọ̀ lẹ́yìn òun. Wọ́n kọlura, ẹni mẹ́ta kú. Òfin gbà kéèyàn wọlé tààrà bẹ́ẹ̀, n kò lè pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe é bí ẹlòmíràn bá wà nínú ìyípo. Kí ni ìṣẹ́jú mẹ́ta tí màá jèrè? Màá wọlé sí downwind láti ẹ̀gbẹ́, ní igun dígírì 45, ní gíga tí gbogbo ayé ń retí mi sí. N kò ní sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá sínú rẹ̀, nítorí ikùn bàálù kò lójú. Òfin tún ní ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ní final ló ni ọ̀nà. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ òjìji méjì. Èmi ni mo sì yà.

Àwòrán ojú tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń fi bàálù yòókù hàn dára. Mo ní in, mo fẹ́ràn rẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti wúlò jù, ó ń sọ fún mi ibi tí mo lè wá ojú sí. Bí mo bá ti dé máìlì mẹ́ta, n kì í wò ó mọ́. Ẹni tí kò gbé ẹ̀rọ tí ń fi ara rẹ̀ hàn kò ní sí lójú rẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ orí wò ó ti fi fèrèsé sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, sàn jù ú lọ. Mo kọ́ ọ pé imú bàálù ni agogo méjìlá, apá ọ̀tún ni agogo mẹ́ta. Mo ṣèlérí ohun kan fún un lórí bàálù kọ̀ọ̀kan tó bá rí kí n tó rí i. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di akúṣẹ̀ẹ́.

Èmi náà ti ń kọ́ni báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní base. Ó kéde, ó wo ọ̀tún fìrí, ó ní, “Final mọ́, sà,” ọwọ́ rẹ̀ ti ń tẹ bàálù sósì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Kí lo rí?”

Ó ní, “Kò sí nǹkan kan, sà. Kòkòrò kan ló wà lára gíláàsì.”

Mo ní, “Sún orí.”

Ó sún orí. Ẹ̀gbin kékeré náà kúrò lára gíláàsì, ó dúró ti òkè tó wà lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò fọhùn. Ó tọ́ bàálù padà fúnra rẹ̀, a dúró ní gíga wa, a sì jẹ́ kó gba abẹ́ wa kọjá. Títí a fi balẹ̀, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò.